Kí Lẹ Fẹ́ Fi Ilẹ̀ Náà Ṣe?

Nínú fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ìlà kan wà tí kì í gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ. Wọ́n á ti béèrè orúkọ, wọ́n á ti béèrè agbolé, ibi tí ilẹ̀ wà, bó ṣe fẹ̀ tó, àti àwọn tí ẹ jọ pààlà lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n tó wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ ọ̀hún ṣe. Èmi tí mo ń bá wọn kọ ọ́, tí àwọn oníbàárà mi ní Ṣakí ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń fojú fo ìlà yẹn. Orúkọ agbolé ni wọ́n á tẹnu mọ́, wọ́n á ní kí n ṣọ́ra kí n má ṣì í kọ. Ààlà ni wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn lé lórí nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí iná á fi lọ. Bó bá wá kan ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ sá fi èyí tó bá dáa síbẹ̀."

Lójú tèmi, ìlà yẹn nìkan ni ìbéèrè ẹ̀sìn tó wà nínú gbogbo ìwé náà. Sọ̀fíyọ̀ àti lọ́yà lè dáhùn àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bi èèyàn léèrè ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣe? Bí a bá sì dáhùn, ta ni à ń dá lóhùn?

Òfin ní èsì tirẹ̀, kò sì fi bò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Irú ètò tí wọ́n ti ń lò ní ìhà Àríwá láti ọdún 1962 ni wọ́n tẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Gómìnà, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ Gómìnà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ oko wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tó lè yọ̀ǹda tó 500 hẹ́kítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti 5,000 fún ẹran jíjẹ̀. Bó bá ti ju ìyẹn lọ, ọ̀dọ̀ Gómìnà ni. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sórí ilẹ̀ tó ti ń jẹ́ oko, tàbí tó fẹ́ sọ ilé gbígbé di ilé ìjọsìn, ìyọ̀ǹda ọ̀tọ̀ fún ìlò àkànṣe nìyẹn, ó sì lè gbé e dé Àgódì n'Íbàdàn. Òfin tó gbé ìjọba wa ró, ti ọdún 1999, tún dáàbò bo òfin ilẹ̀ yìí débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn bí a ṣe ń fọwọ́ kan òfin mìíràn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi gbà pé àwọn ológun ló dá ìbéèrè ohun tí a fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe sílẹ̀. Wọn ò rántí ìṣákọ́lẹ̀.

Nígbà tí àlejò bá wá tọrọ ilẹ̀ oko lọ́dọ̀ ẹbí, kò sẹ́ni tó máa kàn nawọ́ sígbó kó ní máa lò ó. Wọ́n á bi í. Ṣé iṣu ni? Ṣé ẹ̀gẹ́ ni, àbí ọkà bàbà? Bó bá jẹ́ ohun tí a ń gbìn tí a sì ń kó kúrò nílẹ̀ kò pẹ́ kò jìnnà, kò sí wàhálà. Àlejò á máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, irú ìbágbé bẹ́ẹ̀ sì lè dé orí ọmọ ọmọ. Àmọ́ igi ẹlérè kò sí nínú àdéhùn. Irúgbá àti igi òrí tó bá ti wà lórí ilẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Àlejò kò gbọ́dọ̀ gbin igi láìjẹ́ pé ó padà wá tọrọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fa ilẹ̀ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí èyí kì í bá ṣe ìwé àṣẹ ìlò àkànṣe, mi ò mọ ohun tí à bá pè é. Kò kàn ní òǹtẹ̀ ni.

Mo ti fi ojú ara mi rí bó ṣe ń lọ. Àgbẹ̀ kan tó ti Bẹ́núé wá, tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi tó ń fi Yorùbá ṣàwàdà, tẹ̀ lé bàbá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá wọn tún ìwé àdéhùn wọn tẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kajú ti gba Òkè-Ògùn kan. Ọkùnrin náà fẹ́ gbin tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbin kajú sí apá ibi àpáta yẹn. Iṣu ò ṣe dáadáa níbẹ̀ mọ́."

"Torí iṣu ni mo ṣe fún ọ nílẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Màá fi kún ìṣákọ́lẹ̀."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ owó? Bí o bá gbin iṣu, èmi àti ìwọ náà la ó jọ wú u. Kajú á wà níbẹ̀ nígbà tí mi ò bá sí, tí ìwọ náà ò bá sí. Ta ni yóò wá ṣàlàyé fáwọn ọmọ?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ kajú síbẹ̀ ni àbí kí n fi sílẹ̀?"

Ó ní kí n fi sílẹ̀ títí òun yóò fi pe ẹbí. Ó sì pè wọ́n lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, kajú ti wọ inú àdéhùn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ tí àlejò bá kúrò, igi á dúró fún ẹbí. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú níhà méjèèjì ló sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn bàbá wọn. Bàbá yẹn kò ka òfin kankan. Ohun tó rí ni pé ìlò kan wà tó máa pẹ́ ju àwọn tó fẹnu kò lé e lórí lọ, irú rẹ̀ kò sì tọ́ kí ẹni méjì dá parí láàárín ara wọn.

Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹlẹ́sì ti Odògbólú jẹ́rìí níwájú wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, àwọn tó ti kú nínú ẹbí náà pọ̀, àwọn tó wà láàyè kò tó nǹkan, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ní 1921, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí Olóyè Àmọ́dù Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé dé Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà gbà pé ìjọba ò lè ṣe ilẹ̀ ẹbí àti ti ìlú bí ẹni pé kò lólúwa. Àwọn lọ́yà wa fẹ́ràn láti máa sọ ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sì yẹn títí dòní. Wọn kì í sábà sọ wàhálà tó wà nínú rẹ̀. Òkú kò lè tẹ̀ka. Ọmọ tí a kò tíì bí kò lè tẹ̀ka. Ìwọ̀nba èèyàn tó wà láàyè ni yóò tẹ̀ka fún gbogbo ẹbí, owó sì wà lórí tábìlì.

Àwọn bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá ẹlẹ́rìí tí kò ní kú tí kò sì ní ṣí kúrò ládùúgbò. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n á gbin pèrègún sí ààlà, wọ́n á fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹni bá sì dalẹ̀, ó mọ ẹni tó ń dúró de òun. Mùsùlùmí ni mí, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ búra. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń wá: ẹni kẹta tí kò sí èrè kankan fún un nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ti ń bí èèyàn nínú jù ni ilé ìjọsìn. Pásítọ̀ kan ra ilé sáàárín àdúgbò, ó fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó lọ tọrọ ìyípadà ìlò. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn kan wá pẹ̀lú irú ìwé kan náà fún mọ́sálásí. Bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ ni: ilé Ọlọ́run la fẹ́ kọ́, Ọlọ́run ló ni ilẹ̀, àṣẹ ta la tún ń wá kiri? Àbúrò mi lọ́kùnrin, díákónì ni. Èmi ń kírun. A ti jọ jiyàn ọ̀rọ̀ yìí lórí oúnjẹ Iléyá àti lórí oúnjẹ Kérésì, mo sì lérò pé ẹ̀sìn méjèèjì kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ wo ìwé Léfítíkù orí 25. Ọlọ́run ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì má ta ilẹ̀ títí láé, ìdí tó sì fi lélẹ̀ ni pé òun ló ni ín, àlejò ni wọ́n lọ́dọ̀ òun. Nínú orí kan náà ló ti ní kí ilẹ̀ máa sinmi ní ọdún keje. Onílẹ̀ ní Òkè-Ògùn kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń dáko lọ́dọ̀ rẹ̀. Torí pé Ọlọ́run ni onílẹ̀ ló ṣe fi àdéhùn ìlò sí i.

Ní ti àwa Mùsùlùmí, hádíìsì wà pé ẹni tó bá jí ilẹ̀ tó ti kú dìde, tirẹ̀ ni. Àwọn àgbà onímọ̀ sì jiyàn lé e lórí. Abu Hanifa ní kò tíì di tirẹ̀ àfi bí aṣáájú ìlú bá yọ̀ǹda. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, Abu Yusuf àti Muhammad al-Shaybani, ní kò dìgbà tó bá gbàṣẹ. Imam Malik, tó jẹ́ pé ìlànà rẹ̀ ni àwọn alfáà ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, pín in sí méjì: ilẹ̀ tó bá sún mọ́ ibi tí èèyàn ń gbé, kó gbàṣẹ; èyí tó bá jìnnà, kò pọn dandan. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí òfin 1978 tó wá ya ilẹ̀ ìgboro sọ́tọ̀ sí ilẹ̀ oko! Ìdí Malik sì yé mi ju ti òfin lọ: nítòsí ìlú ni ohun tí ìwọ ń ṣe ti lè kan ẹlòmíràn lára, ibẹ̀ ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún gbà á lẹ́nu Kálífà Umar pé ẹni tó bá kàn ṣọgbà yí ilẹ̀ ká, tí ọdún mẹ́ta kọjá tí kò lò ó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bọ́ níbẹ̀. (Bí wọ́n bá mú èyí lò láàárín Ṣakí sí Ìṣẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ògiri búlọ́ọ̀kù tí koríko ti bò ni yóò dọ̀tun lọ́wọ́ ẹlòmíràn.)

Nítorí náà, pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni nínú ìtọrọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ilẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ìgbà yẹn ni mo lè ní kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè ohun kan. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé mo gbà á lò ni, mo jẹ ẹnì kan ní èsì. Mo sọ fún pásítọ̀ yẹn pé, "Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín kò mọ ibi tí sọ́fè yín parí sí o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣọ́ òru kò ní lo ẹ̀rọ. Àwọn ará mọ́sálásí gbọ́, àwọn náà wá kọ tiwọn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ẹni tí à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ṣe olórí ẹbí, ì báà ṣe Gómìnà, ẹlẹ́rìí ni. Ó dúró síbẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá. Ọjọ́ tó bá gbàgbé ìyẹn tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí onílẹ̀, ó ti ba ipò rẹ̀ jẹ́.

Olórí ẹbí ti bà á jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Wọ́n ti ṣe ìpàdé ilẹ̀ tí wọn ò pe àwa ọmọbìnrin ilé sí, bẹ́ẹ̀ àṣà Yorùbá kò yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀. Igi òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣa èso rẹ̀ láti fi ṣe òrí, wọ́n yọ̀ǹda kí wọ́n gé e, wọ́n fi jó èédú, ọkọ̀ ńlá ń kó èédú náà gba ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Kò sẹ́ni tó kọ fọ́ọ̀mù fún ìyẹn.

Ẹ wá wo Ọ̀yọ́-Ilé. Ahoro ìlú tí àwọn Aláàfin ti jọba wà lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba báyìí. Láyé àwọn òyìnbó, ní 1936, ni apá òkè Odò Ògùn ti di igbó tí a kò gbọ́dọ̀ dá oko sí, Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀ lé e ní 1941, nígbà tó sì di 1991 gbogbo rẹ̀ di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ọdẹ Ìgbẹ́tì tàbí ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀, arúfin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ahoro àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló wọ̀. Kò dùn mọ́ wọn, mi ò sì bá wọn wí. Síbẹ̀, màá sọ tèmi: ká ní ó wà lọ́wọ́ àwa tó wà láàyè ni, kajú àti ihò èédú ni à bá máa bá níbẹ̀ lónìí. Níbi yìí, ìjọba ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní ibòmíràn, onílẹ̀ ló ń ṣe. Abala 28 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ fún Gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà fún ohun tó bá kan gbogbo ìlú, èyí kò burú. Dáàmù àti ojú títì ò lè fò lófuurufú. Abala 29 ló ń dùn mí. Wọ́n á san owó ilé, wọ́n á san owó ohun ọ̀gbìn àti àtúnṣe tí ẹ ti ṣe sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Iye owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni wọn yóò dá padà. Ẹbí tó ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó wà, tí kò san owó ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, kò ní nǹkan kan í gbà lórí ilẹ̀. Abala náà dárúkọ ilé, ó dárúkọ ohun ọ̀gbìn. Kò dárúkọ sàréè. Àwọn ará Òkèhò mọ ohun tí mò ń wí. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1916, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kí wọ́n ṣí kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ wá síbi tí wọ́n wà báyìí ní 1917. Àwọn òkú wọn kò bá wọn ṣí.

Nínú gbogbo ìwé tí mo ti bá èèyàn kọ, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Obìnrin kan ló fẹ́ ṣe ilé gàrí sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dà sí odò. A dé ìlà ìlò, mo ti ń tẹ "iṣẹ́ gàrí" nígbà tó dá mi dúró.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ẹ̀gẹ́ kò ní dé odò."

Mo ní, "Àǹtí, wọn ò bi yín ní ìyẹn."

"Èmi ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí mo bá kú, tí ọmọ mi bá ní òun fẹ́ la kòtò náà sódò, kí wọ́n mú ìwé jáde fún un pé ìyá rẹ̀ ti sọ pé rárá."

Ọ̀rọ̀ náà kún ìlà, ó kún etí ìwé, ó di ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù. Ó ní kí n kọ ibi tí òun máa gbẹ́ kòtò sí, bó ṣe máa jìn tó, àti pé àwọn tí àwọn jọ pààlà lè wá wò ó nígbà tó bá wù wọ́n. Akọ̀wé tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí làwọn fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe, àmọ́ ó gbà á. Obìnrin náà fún olúkúlùkù àwọn aládùúgbò oko rẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Mi ò tíì rí alfáà tàbí pásítọ̀ tó gbàdúrà ilẹ̀ tó jinlẹ̀ tó ìyẹn.

Òfin 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa gbà á nímọ̀ràn lórí ilẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìlò àkànṣe kankan, kí wọ́n kúrò lórí àga, kí wọ́n wá sórí ilẹ̀ náà gan-an. Kí wọ́n pe àwọn tó pààlà mọ́ ọn, kí wọ́n pe àwọn obìnrin ilé àtàwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n ka ohun tí olùtọrọ kọ jáde ní Yorùbá, kí òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ létí gbogbo wọn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè gbà ju òwúrọ̀ kan lọ. Kò sì sí abala kan nínú òfin náà tó ní kí wọ́n má ṣe é.